Ẹ̀kọ́ ìwà ní ilé-kéwú kan nítòsí Pàkátà ní Ìlọrin: ohun tí owó mi rà

₦6,000 ni wọ́n ń gbà lórí ọmọ kan fún sáà kan, yàtọ̀ sí owó Àlàrùbá tí ọmọ máa ń mú lọ ní Ọjọ́rú, èyí tí wọn kò sọ di dandan. Bí ọmọ yín kò bá tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ, ẹ san án, ẹ ò ní kábàámọ̀. Bó bá ti ń wọ ọdún mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, ẹ ṣì fọwọ́ mú owó yín ná. Màá sọ ìdí rẹ̀ bí mo bá débẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ilé-kéwú náà. Áfáà tó ni ín ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ nǹkan nípa wọn, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó ní Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gbọ́ tí ẹnì kan ń yin ẹnì kejì lójú ara rẹ̀, ó sì sọ fún un pé, "O ti gé ọ̀rẹ́ rẹ lọ́rùn." Ó ní bí mo bá fẹ́ yìn wọ́n, kí n má dárúkọ, bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀bi ni mo rí, kí n kọ́kọ́ wá sọ ọ́ níwájú òun. Mo ti ṣe èyí kejì yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀, kó béèrè ní Pàkátà ibi tí àwọn ọmọ kéwú ti ń to sálúbàtà ní ìlà-ìlà sẹ́nu ọ̀nà, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì kì í ya ara wọn. Wọ́n á júwe rẹ̀ fún un.

Aṣọ òfì ni mò ń hun. Ọmọ méjì ni mo fi síbẹ̀: ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ìlọrin kò ní ọ̀wọ́n ilé-kéwú. Láti ayé Shehu Alimi ni ìlú yìí ti jẹ́ ìlú ìmọ̀, bí ẹ bá sì gba àdúgbò èyíkéyìí kọjá lẹ́yìn ìrun Alásàrí, ẹ ó gbọ́ ohùn ọmọdé. Kì í ṣe pé ọmọ mi ọkùnrin ò mọ kéwú. Ó ti há súrà tó pọ̀ sórí kó tó débẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ń fa ẹran yọ níwájú àbúrò rẹ̀, tó ń já wọ yàrá onílé bí wọ́n ti ń múra lọ́wọ́, tó sì ń fi "hẹn" dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Èyí ni mo ń wá ojútùú sí.

Sátidé sí Ọjọ́rú ni wọ́n ń ṣe é, láti ẹ̀yìn Alásàrí títí Mọ̀gàríbì fi kù díẹ̀. Ọjọ́ Àlàmísì àti Jímọ̀ ni ìsinmi, bí ilé-kéwú àwọn baba wa ti máa ń ṣe. Sáà àkọ́kọ́ odindi, ìwà nìkan ni: wọn kì í ṣí ìwé òfin ẹ̀sìn kankan fún ọmọ títí sáà náà á fi parí. Bí òbí kan bá ráhùn pé ọmọ òun ń fi àkókò ṣòfò, Áfáà máa ń sọ fún un ohun tí wọ́n gbà wá nípa ìyá Imam Malik. Nígbà tí ó ń rán ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Rabia, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ Mẹ̀dínà, ó wé láwàní fún un, ó ní kó kọ́kọ́ lọ kọ́ nínú ìwà ọkùnrin náà kó tó kọ́ nínú ìmọ̀ rẹ̀. Malik yẹn ni ẹni tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilẹ̀ yìí ń tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀ nínú ìrun àti ààwẹ̀. Òbí tó ń ráhùn kì í sábà ní èsì.

Ibi oúnjẹ ni mo ti rí i pé owó mi kò ṣòfò. Wọ́n gbà kí òbí wá jókòó wò. Àwo ńlá kan ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ fún ọmọ márùn-ún. Lọ́jọ́ tí mo lọ, tùwó ni, ọbẹ̀ wà láàárín, ẹran inú ọbẹ̀ náà sì kéré sí iye ọmọ. Mo rò pé aláṣè ló ṣì í kà, àṣé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ústáàsì, olùkọ́ wọn, kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án tó fi sọ ìtàn Umar ọmọ Abu Salamah, ọmọdé tó dàgbà lábẹ́ Ànábì, tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń rìn káàkiri àwo bí wọ́n bá ń jẹun. Ànábì kò gbá ọwọ́ náà, kò sì lé e nídìí oúnjẹ. Ó ní, "Ọmọ, dá orúkọ Ọlọ́hun, fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ jẹun, kí o sì jẹ ibi tó kọjú sí ọ." Umar fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ nígbà tó dàgbà, ó ní láti ọjọ́ náà, bí òun ti ń jẹun nìyẹn.

Ohun tó mú àwọn ọmọ náà ni pé ọmọdé bíi tiwọn ni ọwọ́ rẹ̀ ń rìn. Bí ẹ bá sọ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ pé àwọn ẹni ńlá kì í ṣojúkòkòrò, kò kàn án. Ṣùgbọ́n ọmọdé kan tó jókòó ti Ànábì gan-an, tó sì ń ṣe ohun tí òun ń ṣe, ìyẹn yé e kíá. Nílé wa báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá na ọwọ́ kọjá ààyè rẹ̀, ọmọ mi á ní, "Ọwọ́ yẹn ti ń rìnrìn àjò o." Ó ti sọ ọ́ fún mi rí.

Ti ẹran ńkọ́? Wọn ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n kàn jókòó ń wò. Ọmọbìnrin kan já tirẹ̀ sí méjì, ó ti ààbọ̀ sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan gbé odindi jù sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ kíákíá kí wọ́n má bàa bi í léèrè. Ẹnikẹ́ni kò bá a wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún jẹun, òun ni wọ́n fi ṣe olùpín ẹran, wọ́n sì sọ fún un pé Ànábì ní ẹni tó ń fún àwọn èèyàn lómi ni yóò mu tirẹ̀ kẹ́yìn. Ó pín in délẹ̀, èyí tó kù fún un kò ju egungun lọ. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé kò bá àwọn nílé sọ̀rọ̀ nípa nǹkan míì lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ ìwọlé ni èyí tó dá wàhálà sílẹ̀ nílé wa. Wọ́n ní férémù ilẹ̀kùn kan nínú àgbàlá tí wọ́n ta aṣọ sí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń dánra wò. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má kọjú sí ojú ilẹ̀kùn gan-an. Ẹ sálámà. Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ tún un ṣe títí di ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà ẹ padà. Wọ́n tún kọ́ wọn ní ìgbà mẹ́ta tí Súrà Nọ́ọ̀rù sọ pé kí ọmọ inú ilé pàápàá gba ààyè kó tó wọlé: ṣáájú ìrun Àsùbáà, ọ̀sán gangan tí èèyàn ti bọ́ aṣọ, àti lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ẹ̀kọ́ tó dáa ni. Ṣùgbọ́n agbo-ilé Ìlọrin ni à ń gbé. Yàrá ṣí sí yàrá, ẹ̀hìnkùlé ṣí sí ẹ̀hìnkùlé, aṣọ ló sì ń ṣe ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ wa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó mi fi kókó àti àkàrà rán ọmọ mi ọkùnrin sí Ìyá Àgbà, ìyá mi. Ìyá Àgbà ń kí ìrun wálíhà lọ́wọ́, kò lè dáhùn. Ọmọ sálámà lẹ́ẹ̀mẹta, ó yí padà, ó gbé kókó náà bọ̀ wá sílé. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ìró ọ̀pá ìyá. Ó ní, "Ṣé mo ti di àlejò nínú ilé mi ni, tí ọmọ ọmọ mi fi ń dúró sẹ́nu ọ̀nà mi bí agbowó-orí? Ebi sì ń pa mí!"

Mo kó ẹjọ́ náà lọ bá Áfáà. Ó gbọ́ tán, kò jiyàn, ó dìde, ó ní kí n mú òun lọ kí Ìyá. Nígbà tí a débẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ilẹ̀kùn, ó sálámà, ó dúró títí Ìyá fi ní kó wọlé. Ó jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti fi kún ẹ̀kọ́ náà báyìí pé ọmọ tó bá gbọ́ pé ẹni inú ilé ń kírun, kó jókòó dúró. Ìyá Àgbà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, ká sòótọ́, òun fẹ́ràn rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ yòókù nínú agbo-ilé máa ń já wọlé bá òun nígbà tí òun ò tíì róṣọ. Ó ní kí n má sọ fún Áfáà pé òun sọ bẹ́ẹ̀.

Kò sí pàṣán níbẹ̀. Àwa tí a kéwú láyé àtijọ́ mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ̀yìn wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní ọdún 2021, nígbà tí fídíò bí wọ́n ṣe na àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-kéwú kan ní Gáńmọ̀ gba ìgboro, tí ìjọba Kwara fi dá sí i, àríyànjiyàn pọ̀ níbi òfì wa: àwọn kan ní ẹgba ló ń tún ọmọ ṣe. Áfáà yìí kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Anas ló máa ń sọ, ọmọ tó sin Ànábì fún ọdún mẹ́wàá, tó sì jẹ́rìí pé kò sọ "ṣíọ̀" sí òun rí, kò sì bi òun rí pé kí ló dé tí o fi ṣe ìyí, kí ló dé tí o ò fi ṣe ìyẹn. Ọmọ tó bá ṣẹ̀, òun ni yóò pọn omi sínú bùtà fún àwọn yòókù láti ṣe àlùwàlá. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn kan wà tí pípọn omi ti di eré fún, mi ò ní parọ́.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ ni mo fẹ́ kí gbogbo òbí gbọ́ kí wọ́n tó sanwó. Ọ̀fà ni ìyàwó mi ti wá. Mùsùlùmí ni àna mi, ó ti lọ sí Mẹ́kà, àmọ́ ọmọ Yorùbá ni, ó sì fẹ́ kí ọmọ ọmọ òun gba àyà délẹ̀ bó bá ń kí òun. Ní ilé-kéwú yìí, wọ́n ń kọ́ ọmọ pé a kì í tẹrí ba fún ẹ̀dá. Kí ọmọ lóṣòó, kó sálámà, kó bọ àgbà lọ́wọ́ bí àgbà bá na ọwọ́. Hádíìsì tí wọ́n gbé e lé wà: ọkùnrin kan bi Ànábì bóyá kí òun tẹ̀ ba fún arákùnrin òun bí òun bá pàdé rẹ̀, ó ní rárá, ó bi í bóyá kí òun bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn áfáà ìlú yìí kò fẹnu kò lórí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kan ìdọ̀bálẹ̀ tiwa, èmi ahunṣọ kọ́ ni màá sì parí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún wa ṣáájú. A dé Ọ̀fà, gbogbo àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tèmi lóṣòó, ó ní, "Àsàlámù àlékùm, Bàbá Àgbà." Àna mi wò ó títí. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Ṣé ẹ̀yìn ń dun ọmọ yìí ni?" Ìyàwó mi ò mọ ibi tí yóò fojú sí. Èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láti fi bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo sọ fún Áfáà ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n ń fún òbí, kí òbí lè ti bá àwọn àgbà ilé sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó gbà. Títí di bí mo ti ń kọ èyí, mi ò tíì rí i nínú ìwé náà.

Wọ́n tún ń kọ́ wọn nípa ahọ́n: ìnagijẹ tí kò dáa, fífi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ó wà nínú Súrà Húújúráàtì, àáyá 11 àti 12, níbi tí Ọlọ́hun ti fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn wé jíjẹ ẹran ara arákùnrin ẹni tó ti kú. Wọ́n tún kọ́ wọn ní ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà kò mọ̀, pé bí ohun tí ẹ sọ lẹ́yìn ẹnì kan bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn náà ni. Bó bá jẹ́ irọ́, ẹ ti pa á mọ́ ọn, ìyẹn sì burú jù ú lọ.

Níbi òfì wa, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹnu kò níṣẹ́, ó sì máa ń wá èyí tí yóò ṣe. Ọmọ mi máa ń wá bá wa ká òwú. Ọ̀gá kan nínú wa ń sọ̀rọ̀ aládùúgbò kan tó jẹ ẹ́ lówó, ó ti dé orí ìyàwó ọkùnrin náà, ó ti ń lọ sórí ìyá rẹ̀, ni ọmọ mi bá gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, ẹran òkú lẹ ń jẹ yẹn o." Gbogbo òfì dákẹ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín títí tó fi ń húkọ́. Ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ó ní ọmọ tí wọ́n bí lánàá ni yóò máa ṣe wáàsí fún òun? Kò jẹ̀bi tó bínú. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà tọ̀nà, ẹnu tó fi sọ ọ́ ni kò ní ẹ̀kọ́ nínú, ibi tí wọ́n sì ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìwà ló ti gbé e bọ̀.

Mo sọ èyí náà fún Áfáà. Mo rí i pé ó dùn ún. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ará oko tó tọ̀ sínú mọ́sálásí Ànábì. Àwọn èèyàn fẹ́ dà bò ó, Ànábì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n da garawa omi kan sójú ibẹ̀. Ó ní ìrọ̀rùn ni a fi rán wọn, a ò fi rán wọn láti ni èèyàn lára. Lẹ́yìn ìtàn náà, wọ́n fi àwọn ọmọ dánra wò: kí lo máa ṣe bí bàbá rẹ bá ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn? Ìdáhùn tí wọ́n fẹnu kò lé ni pé kí ọmọ wá iṣẹ́ lọ ṣe. Nísinsìnyí, bí ọ̀rọ̀ bá ti ń gba ibẹ̀ lọ níbi òfì, ọmọ mi á dìde, á ní òun fẹ́ lọ ra píọ́wọ́tà. A ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá yẹn ló ń kọ́kọ́ pa ọ̀rọ̀ dà.

Ohun míì tí mo bá wọn jà lé lórí ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọ́n gbé e sórí òrùlé, wọ́n kọjú rẹ̀ sí àwọn ilé tó wà níwájú, níbi tí bàbá arúgbó kan ti ń ṣàìsàn. Lọ́jọ́ kan tí mo ń kọjá, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi í ké sí gbogbo àdúgbò ni ìmọ̀ràn Lukmọ́nù fún ọmọ rẹ̀: má gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ sápá kan fún èèyàn, má rìn pẹ̀lú ìgbéraga, rẹ ohùn rẹ sílẹ̀, nítorí ohùn tó burú jù lọ ni ohùn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ohùn náà dún dé Ìta Kúdímọ̀, bí mo bá ní kí n sọ̀sọkúsọ díẹ̀. Mo wọlé lọ sọ fún wọn, wọ́n yí i padà sínú ọgbà lójú ẹsẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ti tún yí i síta. Èmi ò mọ ẹni náà, kò sì yẹ kí n máa wá a kiri.

Wàyí o, ọmọbìnrin mi. Ústáàsà kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo àwọn obìnrin, ó gbọ́n, ó sì ní sùúrù, ṣùgbọ́n ó kó ọmọ ọdún mẹ́jọ àti mẹ́rìnlá pọ̀ sójú kan. Ti àwo oúnjẹ àti ti sálúbàtà, ọmọ mi ti kọjá ìyẹn. Ohun tí wọ́n wá fún un láti fi dí i lọ́wọ́ ni kó há Àrùbáínà ti Nawawi, èyí tí wọ́n ń pè ní ogójì ṣùgbọ́n tí Hádíìsì inú rẹ̀ jẹ́ 42. Ó há a dáadáa. Ẹ̀kẹrìndínlógún ni ti ọkùnrin tó ní kí Ànábì gba òun nímọ̀ràn, tí Ànábì ní "Má bínú," tó sì ń tún un sọ fún un. Ọmọ mi kà á fún mi láìṣì í, mo wá ní kó lọ gbé omi wá, ó pòṣé.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé wọn ò sọ nǹkan kan nípa fóònù. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ní Ìlọrin lónìí, orí fóònù ni ìwà rẹ̀ ti ń bàjẹ́ tàbí tó ti ń dára: àwòrán ọmọ ẹlòmíì tí wọ́n ń pín kiri, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wádìí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́, èébú tí ẹnì kan ò lè sọ lójúkojú. Súrà tí wọ́n fi ń kọ́ wọn nípa ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yẹn gan-an, àáyá 6 rẹ̀ ló sọ pé bí ẹni tí kò ṣeé gbára lé bá mú ìròyìn wá, kí ẹ wádìí rẹ̀, kí ẹ má bàa fi àìmọ̀ ṣe àwọn kan níbi. Àáyá mẹ́rin péré ló wà láàárín rẹ̀ àti èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo bi Ústáàsì, ó ní àwọn ń ronú sí i. Mo ti yọ ọmọbìnrin náà kúrò. Ó ń bá ìyá rẹ̀ lọ sí Asalátù ní ọjọ́ Àìkú, níbi tí àwọn obìnrin àgbà ti ń sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ti fóònù láìfi bò. Ọkùnrin ṣì wà níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ náà á sì wọlé bó bá pé ọmọ ọdún mẹ́fà.

Bí ẹ bá fẹ́ forúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹ lọ ní Sátidé lẹ́yìn ìrun Alásàrí, ẹ béèrè Áfáà fúnra rẹ̀. Wọ́n gbà mí láàyè láti san owó náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, wọn ò sì fi ojú kejì wo ọmọ mi kí n tó san ìyókù. Ẹ bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ kí ẹ tó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ilé ìgbẹ́ wọn mọ́, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ kì í yọ nígbà gbogbo, nítorí náà kí ọmọ mú bùtà tirẹ̀ dání, kí ẹ sì fi ọ̀dà kọ orúkọ rẹ̀ sí ìdí bùtà náà gàdàgbà. Gbogbo bùtà ibẹ̀ ló jọra, ọmọ tí wọ́n sì ti kọ́ pé kó má fura sí ẹnikẹ́ni kì í lè sọ ẹni tó gbé tirẹ̀ lọ.